Ó Yẹ Kí Àgbàlagbà Kọ́ Jìtá

Bí ọkùnrin kan tí ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀, wọn yóò bá a yọ̀. Bí ó bá ní òun fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, wọn yóò fi ojú ọ̀wọ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun ti ra jìtá, òun sì fẹ́ mọ bí a ti ń lù ú, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ràn rẹ̀ jùlọ nínú wọn yóò fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan láti bi í léèrè bóyá nǹkan ń ṣe é. Àwa ní èrò pé ẹ̀rín yìí kò tọ́, àti pé ó ń pa wá lára ju bí a ti rò lọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gba àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí láti sọ ọ́ ní gbangba fún ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé àti ẹ̀yin ìjòyè ìlú tí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, pé ó yẹ kí àgbàlagbà kọ́ jìtá, kí ó sì kọ́ ọ lórí orin ilẹ̀ wa.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò kọ́kọ́ wí: pé ohun èlò àjèjì ni jìtá, àti pé ẹgbẹ́ tí ó ń gbèjà àṣà ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ máa polówó rẹ̀. Àwa kò sẹ́ pé òkun ni ó gbà wọlé. Àwọn atukọ̀ ará Kru láti etíkun Làìbéríà, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, ni a mọ̀ jùlọ pé wọ́n tan ọ̀nà fífi àtàńpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e lu jìtá ká etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí ó fi dé Èkó. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ṣe nígbà tí ó dé ọwọ́ wa? Ní Olówógbówó ní Èkó, Túndé King, ẹni tí a bí ní 1910, tí ó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ̀sán, a máa lu jìtá alábáńjò olókùn mẹ́fà ní alẹ́ nínú pálọ̀ àwọn ọ̀làjú ìlú. Ní 1936 a ti gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin tí a ń pè ní jùjú sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná sí jìtá tirẹ̀ ní 1949. I. K. Dáíró gba oyè MBE láti ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1963 nítorí orin yìí kan náà. Nígbà tí ó sì di 1982, tí àwo King Sunny Adé tí ó ń jẹ́ Juju Music jáde, àwọn òyìnbó ni ó jókòó tí ó ń gbọ́ bí a ti sọ jìtá di ti wa. Mólò àti gòjé pàápàá, láti òkè Ọya ni wọ́n ti wá bá wa, kò sì sí ẹni tí ó ń pè wọ́n ní àlejò mọ́.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé láti ìgbà náà wá, a ti fi jìtá sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń fi í jẹun nìkan. Àwa kò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ń ṣe é dáradára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí nínú ilé ẹni. Nígbà tí a bá ń ṣe òkú àgbà, tàbí tí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a ó pe ẹgbẹ́ olórin, wọn yóò to ẹ̀rọ gbohùngbohùn jọ bí òkè, a ó sì máa lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù wọn lọ, kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ẹbí tí ó lè fi ohun èlò kankan gbe orin tí bàbá olóògbé náà fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ilé nìkan ni ó mọ orin náà: egbè àwọn àlọ́ tí ìyá ìyá wa ń pa fún wa ní alẹ́, orin tí àwọn obìnrin agboolé fi ń gba ọmọ tuntun jó, orin tí àwọn alágbàṣe ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún tí ó mọ jìtá lù dáradára kò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tí ó rí lórí fóònù láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àgbà ní orin, kò ní ìka. Ọmọdé ní ìka, kò ní orin. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò bá ṣí lọ bá èkejì, orin náà yóò bá àgbà lọ sí ọ̀run. Lójú tiwa, ó rọrùn kí àgbà wá ìka ní, ju kí ọmọdé padà lọ sí ìgbà tí a kò tí ì bí i.

Èyí mú wa dé orí ohun tí ó jẹ́ gbòǹgbò gbogbo rẹ̀, èyíinì ni ohùn èdè wa. Olúkúlùkù ọmọ Yorùbá tí ó ti jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni a fi ń sọ̀rọ̀, a sì ń pè wọ́n ní dò, re, mí. Bí ohùn bá yí padà, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọkọ ni ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ lọ sí ìrìn àjò, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń mú lọ́wọ́. Àwọn ajíhìnrere àtijọ́ mú orin ìsìn ilẹ̀ òyìnbó wá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ti wà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí gbogbo ìjọ fi lè máa fi ohùn rara kọ ọkọ́ ní ibi tí ìwé wí pé ọkọ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kò fi ara mọ́ èyí. Ó ń ṣe orin ìsìn lórí ohùn orin ilẹ̀ wa, ní 1922 a sì gba púpọ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. E. Phillips náà kọ ìwé lórí orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953. Ẹni tí ó bá kọ́ jìtá láti inú ìwé òyìnbó nìkan yóò padà sí ibi tí irú àwọn wọ̀nyí ti yọ wá kúrò: yóò kọ́kọ́ kọ́ orin tí kò gbọ́ rí, lẹ́yìn náà yóò máa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tì bọ̀ ọ́, bí ẹni tí ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tí kò gbà á.

Ọ̀nà tí àwa rí pé ó dára jù ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ẹnu. Jìtá ní okùn mẹ́fà. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí ó wà nísàlẹ̀ nígbà tí a bá gbé jìtá lé itan, ni a ń kà sí ìkínní, èyí tí ó nípọn jù sì ni ìkẹfà. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, orúkọ ohùn wọn ni E, A, D, G, B àti E. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ọrùn rẹ̀, a sì ń kà wọ́n láti ìhà orí jìtá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka tí ó tẹ̀ lé ọmọńdinrín ní ọwọ́ òsì tẹ okùn karùn-ún sẹ́yìn irin kẹta: dò nìyẹn. Kí ó ta okùn kẹrin láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá: re nìyẹn. Kí ó fi ìka àárín tẹ okùn kẹrin kan náà sẹ́yìn irin kejì: mí ni ó gbọ́ yẹn. Ohùn mẹ́ta péré ni, ìka méjì péré sì ni; ṣùgbọ́n kí ó pe orúkọ ara rẹ̀ lórí wọn. Bí ó bá jẹ́ Òjó, dò-mí ni. Bí ó bá jẹ́ Àìná, dò-dò-mí. Táíwò yóò lu mí-mí-dò, Kẹ́hìndé yóò sì lu mí-dò-mí. Lẹ́yìn èyí kí ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti àdúgbò rẹ̀, kí ó tó kan òwe. Ẹni tí ó bá ti ń gbọ́ gángan láti kékeré yóò ṣe èyí ní ọjọ́ kìíní, inú rẹ̀ yóò sì dùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Òótọ́ ni pé gángan lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè láìjá, bí ẹnu ti ń ṣe nígbà tí a bá pe Òjó. Jìtá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá yọ́ ìka lórí okùn tàbí tí a bá ti okùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn yóò dé lẹ́yìn. Èyí tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìka méjèèjì sílẹ̀ sí ibi tí wọ́n wà, tí ó sì fi ìka tí ó tẹ̀ lé àtàńpàkò tẹ okùn kejì sẹ́yìn irin kìíní, kọ́ọ̀dù C ni ó dì mú yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé òyìnbó fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Àwọn olórin jùjú ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́; ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáradára yóò gbọ́ kí jìtá wọn pa òwe láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Ìnira wà nínú rẹ̀, a kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, orí ìka ọwọ́ òsì yóò máa ta ẹni bí ẹni pé iná jó o, pàápàá bí okùn bá jẹ́ ti irin. Lẹ́yìn náà awọ ibẹ̀ yóò yi, ìrora yóò sì lọ. Okùn ọ̀rá rọ àgbà lọ́rùn ju okùn irin lọ. Kí a tó ra jìtá, kí a yẹ̀ ẹ́ wò pé okùn rẹ̀ kò ga sókè jù lórí ọrùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ jìtá olówó pọ́ọ́kú tí ó wà ní ọjà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá pàápàá kò lè tẹ̀ ẹ́ láìlàágùn. Akẹ́kọ̀ọ́ a sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára. Kí a má ṣe fi jìtá sínú bútù ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan, kí a má sì gbé e sí ojú ọyẹ́: ooru a máa yọ́ àtè tí a fi lẹ̀ ẹ́, ọyẹ́ a sì máa la igi rẹ̀. Fóònù lè sọ fún ni bí ohùn okùn bá ti lọ sílẹ̀, kò sì burú kí a lò ó; ṣùgbọ́n kí etí náà máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé okùn kẹfà tí a tẹ̀ sẹ́yìn irin karùn-ún gbọdọ̀ bá okùn karùn-ún dọ́gba, ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì. Ìṣẹ́jú 15 ní òwúrọ̀ àti ìṣẹ́jú 15 ní alẹ́ ní ojoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìrora ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń padà lẹ́yìn. Ní nǹkan bí oṣù kejì ni, nígbà tí wọ́n ti mọ kọ́ọ̀dù C, tí wọ́n ti mọ G, tí ọwọ́ kò sì tètè lè kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tí ó ń pàṣẹ fún ọgbọ̀n ènìyàn ní ọ́fíìsì kò lóye bí ìka mẹ́ta ṣe lè kọ̀ sí òun lẹ́nu. Ọmọdé kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń ṣe ohun kan tì. Ó ti pẹ́ tí àgbà ti dáwọ́ lé ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kẹ́yìn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kí ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin lọ́ra bí ìṣísẹ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín, kí ó yí ọwọ́ padà lórí ení, kí ó má sì yára títí ọwọ́ yóò fi mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, Fàtáì Rolling Dollar ṣì ń lu jìtá níwájú èrò nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kí ó tó kú ní 2013. Kì í ṣe ìgbà ogbó ni òun bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a kò fi í ṣe ẹ̀rí fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé ọwọ́ àgbà kì í kọ iṣẹ́ okùn bí a kò bá jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tí ó wà ní ọkàn àwọn ìjòyè wa, tí wọn kò fẹ́ sọ jáde. Wọ́n ń bẹ̀rù kí a má pè wọ́n ní alágbe. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ń lu ìlù ni ó ń gbà, ẹni tí a ń lu ìlù fún ni ó ń fúnni. Ìjòyè tí ó bá gbé ohun èlò orin lọ́wọ́ dàbí ẹni tí ó bọ́ sí òdì kejì agbo. A kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Tìmì Ẹdẹ, Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975. Ọba ni, ó sì jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù lílù. Ó lù ú ní ojú gbogbo ayé, ó sì kọ̀wé lórí àwọn ìlù Yorùbá, síbẹ̀ iyì oyè rẹ̀ kò dín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlù dùndún ní ìdílé tí ó ni ín, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, jìtá kò ní ìdílé kankan ní ilẹ̀ wa. Kò sí baálé tí a ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èèwọ̀ tí a ó bi Ifá léèrè. Ọmọ ẹnikẹ́ni lè gbé e láìtẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa náà, tí ó jẹ́ pé orin tí ó wà ní inú wọn pọ̀ ju ti wa lọ, kí wọ́n má ṣe rò pé ọkùnrin nìkan ni a ń bá wí.

Ìṣòro tí ó le jù, lójú tiwa, ni ti olùkọ́. Ẹni tí ó mọ jìtá lù ní àdúgbò lónìí lè jẹ́ ọmọ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Yóò dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ó bá wọlé, yóò sì dúró títí a ó fi ní kí ó jókòó. Nígbà tí bàbá bá ṣi ọwọ́ gbé, yóò wo ilẹ̀, yóò ní, “Ó dára, Bàbá, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sà.” Kò dára rárá, òun náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ ní ilé wọn pé kí ó máa sọ fún olóyè pé ohun tí ó ṣe kò dára? Báyìí ni oṣù mẹ́fà yóò ṣe kọjá, owó yóò ti lọ, bàbá kò ní mọ nǹkan kan, yóò sì di ẹ̀bi jìtá. A ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlànà ọ̀wọ̀ wa dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ni ọ̀wọ̀ náà ní àṣẹ láti tú u sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30. Kí bàbá sọ ọ́ ní ọjọ́ kìíní, ní ẹnu ara rẹ̀, kí ìyá ilé sì gbọ́, pé: “Ọmọ mi, nígbà tí jìtá bá wà lórí itan mi, ìwọ ni ọ̀gá. Bí mo bá ṣe é tì, sọ pé mo ṣe é tì.” Kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ nígbà tí ó bá parí, ohun tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: gbogbo wa ni ó ń pa òwe yìí ní ìpàdé, ìlàjì rẹ̀ nìkan ni a sì ń lò bí a bá dé ilé. Nígbà tí ó bá sì tó àkókò tí bàbá yóò kọ orin ebè kan jáde kí wọ́n lè jọ wá ohùn rẹ̀ lórí okùn, ọmọ náà ni yóò di akẹ́kọ̀ọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀.

Nítorí náà a rọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngán ìpàdé fún iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì wá olùkọ́ méjì tí ẹgbẹ́ yóò máa san owó fún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá lọ sí òkè òkun, tí ó fi jìtá sílẹ̀ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó gbọn eruku rẹ̀ kí ó gbé e wá. Kí olúkúlùkù mú orin kan wá tí ó gbọ́ lẹ́nu òbí rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé kankan. Kí akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì fi fóònù gba ohùn ẹni tí ó mú un wá kí okùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. A kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ṣeré ní ojú agbo. Ìlẹ̀kùn yóò wà ní títì, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbọ́ bí a ti ń ṣe é tì, àfi àwọn tí ó ń ṣe é tì pẹ̀lú wa.